Bí mo ṣe mú ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ gbó nínú àwo ní Àgọ́-Ìwòyè

Ilé ẹyin abo ẹlẹ́dẹ̀ kì í dán rárá. Wúruwùru ló rí, nítorí àwọn àpò omi kéékèèké tó yọ jáde lára rẹ̀ káàkiri. Òmíràn kò ju mìlímítà méjì lọ, òmíràn sì tó mẹ́jọ. Inú àpò kọ̀ọ̀kan ni ẹyin kan wà, ó sì kéré débi pé èèyàn kò lè fi ojú lásán mọ bó ṣe rí. Fọ́líkù ni à ń pe àpò omi yìí. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn ni bí mo ṣe fa àwọn ẹyin náà jáde, tí mo sì mú wọn gbó nínú àwo ní yàrá àyẹ̀wò kan ní Àgọ́-Ìwòyè, kí n lè fojú ara mi rí ohun tó ń jí ẹyin lójú oorun.

Àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló fa ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ mi máa ń gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn, láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Odògbólú, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń bi mí ṣáá: "Àǹtí, a gún un lábẹ́rẹ́ tó ń mú kó wá akọ, kí ló dé tí kò lóyún?" Abẹ́rẹ́ náà wọ́n, kì í ṣe owó kékeré lẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún fi ń rà á. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé họ́mọ̀nù, oníṣẹ́ tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà, kì í dá iṣẹ́ ṣe, ó gbọ́dọ̀ bá ẹni tó máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nílé. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ, ṣùgbọ́n ó wù mí kí n rí i.

Ẹni tó ń gba iṣẹ́ yẹn là ń pè ní risẹ́pítọ̀. Họ́mọ̀nù a máa bá ẹ̀jẹ̀ rin gbogbo ara, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tó bá ní risẹ́pítọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Púrótíìnì ni risẹ́pítọ̀. Ara awọ sẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà, àwọn kan sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì lọ́hùn-ún. Bí họ́mọ̀nù tó bá a mu bá ti wọ̀ ọ́, risẹ́pítọ̀ á yí ìdúró rẹ̀ padà, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá ní in, bó ti wù kí họ́mọ̀nù pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, kò kàn án.

Odò ẹran ni mo kọ́kọ́ lọ. Kì í ṣe gbogbo odò ẹran ní Ìjẹ̀bú ló ń pa ẹlẹ́dẹ̀. Mùsùlùmí pọ̀ láàárín wa, àwọn alápatà ẹlẹ́dẹ̀ sì máa ń ní ibi tiwọn lọ́tọ̀. Èyí tí mo lọ kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ti bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú, torí pé ara ohun tí wọ́n ń dà nù ni ilé ẹyin jẹ́, tí a kò bá sì tètè sọ, ajá á ti gbé e lọ.

"Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi nǹkan yìí ṣe?"

"Ẹyin inú rẹ̀ ni mo ń wá, Bọ̀dá."

"Ẹlẹ́dẹ̀ náà ń lẹ́yin ni?"

"Gbogbo abo ló lẹ́yin nínú, Bọ̀dá. Àwa obìnrin náà ní in."

Ó mi orí, ó sì pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa yà á sọ́tọ̀ fún mi. Ìyá kan tó ń fọ ìfun níbẹ̀ ló fi ohun tí èmi náà nílò hàn mí kí n tó béèrè. Ó ní àwọn kan máa ń ní kókó pupa lára, àwọn kan kì í ní, àti pé ara àwọn tó ti dàgbà ni òun ti máa ń rí kókó náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Kókó yẹn ni ohun tó ń ṣẹ́ kù sí ojú ibi tí fọ́líkù ti bẹ́ tí ẹyin sì ti jáde. Èyí tí kò ní kókó wá láti ara ọmọge ẹlẹ́dẹ̀ tí kò tíì wá akọ rí, òun ni mo sì kó, kí gbogbo ẹyin mi lè jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà.

Ohun tí n kò fi ṣeré ni òtútù. Ọ̀rá kún inú ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹran lọ, bí ara rẹ̀ bá sì tutù jù, ẹyin náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ má gbé e sórí yìnyín bí ẹ ṣe ń gbé ẹran. Fíláàsì oúnjẹ ni mo lò, mo rọ omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, gíráàmù iyọ̀ mẹ́sàn-án sí lítà omi kan, mo sì fi oògùn tó ń pa kòkòrò díẹ̀ sí i. Mo ki tẹmómítà bọ inú rẹ̀ kí n tó dé e, mo gba ọ̀nà Orù, n kò sì yà síbì kankan.

Nígbà tí mo dé yàrá àyẹ̀wò, mo fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ mìíràn ṣan àwọn ilé ẹyin náà títí omi rẹ̀ fi mọ́. Sírínjì mìlílítà mẹ́wàá àti abẹ́rẹ́ onínọ́ńbà 18 ni mo fi fa omi inú fọ́líkù, láti ara àwọn tó tó mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́fà nìkan. Èyí tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyin inú rẹ̀ kò tíì dàgbà tó. Wọ́n ní kí èèyàn má fà á pẹ̀lú agbára, mo sì rí ìdí rẹ̀: bí a bá fà á kíkankíkan, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó so mọ́ ẹyin á já dànù, àwọn gan-an ni mo sì wá. Mo jẹ́ kí omi náà tòrò nínú túùbù, mo da ti òkè nù, mo da ìsàlẹ̀ sínú àwo pẹlẹbẹ, mo sì gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù.

Níbí ni ó wù mí kí ẹ bá mi dúró díẹ̀. Ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ dúdú lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, ọ̀rá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló fà á. Ó rí rogodo, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdámẹ́jọ mìlímítà kan, awọ kan tó nípọn tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá sì yí i ká. Lẹ́yìn awọ yẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wínníwínní tò lé ara wọn, ìpele mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, wọ́n fún mọ́ ẹyin pinpin. Kúmúlọ́ọ̀sì ni orúkọ wọn. Tí èèyàn bá wò ó dáadáa, á rí i pé wọn kò kàn dúró lẹ́yìn awọ náà. Wọ́n na ọwọ́ tín-ín-rín wọ inú rẹ̀ lọ kan ara ẹyin. Ojú ihò tó wà ní ibi tí ọwọ́ náà ti pàdé ẹyin ni oúnjẹ àti iṣẹ́ ń gbà kọjá. Èyí tí kúmúlọ́ọ̀sì yí ká yípo, tí inú rẹ̀ sì dúdú dọ́gbadọ́gba, ni mo ṣà. Èyí tó wà níhòòhò tàbí tí inú rẹ̀ fọ́nká, mo fi sílẹ̀.

Irú ẹyin yìí ń sùn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ara rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá tó ni ín kò tíì ju ọmọ inú oyún tàbí ọmọ jòjòló lọ, ó wá dúró lójú ọ̀nà, ó ń retí. Kí ló dá a dúró? Lọ́dún 1935, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Gregory Pincus àti E. V. Enzmann, fi ẹyin ehoro hàn pé tí a bá yọ ẹyin kúrò nínú fọ́líkù, ó lè máa bá pípín rẹ̀ lọ láìsí ẹni tó rán an níṣẹ́. Ìyẹn já sí pé fọ́líkù fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún ẹyin pé kó má ì tíì jí. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó mọ ọ̀nà tó ń gbà sọ ọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n fi eku ṣe lọ́dún 2004 fi hàn pé risẹ́pítọ̀ kan tó ń jẹ́ GPR3 wà lára ẹyin, òun ló ń mú kí èròjà kan tó ń jẹ́ cAMP pọ̀ nínú rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí cAMP bá sì pọ̀, ẹyin kò ní jí. Ní 2010, wọ́n tún rí risẹ́pítọ̀ mìíràn, NPR2, lára kúmúlọ́ọ̀sì. Èyí ń pèsè èròjà mìíràn tó ń jẹ́ cGMP, ó ń tì í gba ojú ihò wọ inú ẹyin, cGMP yìí ni kì í sì í jẹ́ kí ohun tó ń ba cAMP jẹ́ rí ọwọ́ yọ. Wọ́n ti rí iṣẹ́ NPR2 yìí nínú ẹlẹ́dẹ̀ náà.

Nígbà tí abo ẹlẹ́dẹ̀ bá ń wá akọ, ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ á tú họ́mọ̀nù LH jáde lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹyin ni LH ń bá sọ̀rọ̀. Rárá o. Risẹ́pítọ̀ LH wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ ògiri fọ́líkù, kò sí lára ẹyin. Bí ẹ bá mọ bí nǹkan ṣe ń rí láàfin Awùjalẹ̀, ẹ ó rí i pé kò yàtọ̀: àlejò kì í gbé iṣẹ́ rẹ̀ gba iwájú ọba tààrà, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń gbà á, àwọn ni wọ́n ń sọ ọ́ fún àwọn tó wà nínú. Ògiri fọ́líkù gba iṣẹ́ LH, ó wá tú èròjà tirẹ̀ jáde, amphiregulin àti epiregulin wà nínú wọn. Àwọn èròjà yìí lọ bá kúmúlọ́ọ̀sì, wọ́n so mọ́ risẹ́pítọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ EGFR. EGFR ló wá pàṣẹ fún kúmúlọ́ọ̀sì pé kó ṣe ohun méjì: kó pèsè hyaluronan, èròjà tó ń yọ̀, kó sì dí ojú ihò tó so ó mọ́ ẹyin. Bí cGMP kò bá wọlé mọ́, cAMP á wálẹ̀, ẹyin á sì jí.

EGF, èròjà tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà, tí wọ́n fi sọ risẹ́pítọ̀ yìí lórúkọ, Stanley Cohen ló ṣàwárí rẹ̀, ó sì wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún lọ́dún 1986. Àwòrán risẹ́pítọ̀ yìí wà ní ìwé gbogbo ẹni tó ń kọ́ nípa àrùn jẹjẹrẹ. Inú mi máa ń dùn pé òun kan náà ló wà nídìí bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń wáyé.

Nítorí náà, EGFR ni mo fojú sí. Àwo mẹ́ta ni mo tò. Omi oúnjẹ kan náà, TCM-199, ló wà nínú gbogbo wọn. N kò fi omi fọ́líkù sí i bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, nítorí pé omi fọ́líkù ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú, n kò sì ní mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. PVA, èròjà àtọwọ́dá tí kò gbé iṣẹ́ kankan, ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Àwo kìíní gba ẹyin pẹ̀lú kúmúlọ́ọ̀sì rẹ̀, mo fi FSH, họ́mọ̀nù tó ń mú fọ́líkù dàgbà, sí i, mo sì fi EGF sí i, nánógíráàmù mẹ́wàá sí mìlílítà kan. Àwo kejì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n mo fi AG1478 sí i, oògùn tó ń dí EGFR lọ́nà tí kò fi ní lè ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun ló bá mi wá a. Inú DMSO ló ń yòrò sí, nítorí náà mo kán ìwọ̀n DMSO kan náà sí àwọn àwo yòókù kí àríyànjiyàn má bàa sí. Àwo kẹta gba FSH àti EGF, ṣùgbọ́n mo ti bọ́ kúmúlọ́ọ̀sì kúrò lára ẹyin inú rẹ̀. Mo da epo aláìláwọ̀ bo gbogbo rẹ̀, mo sì gbé wọn sínú ínkúbétọ̀ tó wà ní ìwọ̀n ooru 38.5 lórí sẹ́lísíọ̀sì, pẹ̀lú gáàsì kábọ́ọ̀nù dàìókísáìdì ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ínkúbétọ̀ náà wà lórí ínfátà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa gbọ́dọ̀ ti yanjú ọ̀rọ̀ iná kó tó fọwọ́ kan ilé ẹyin.

Wákàtí mẹ́rìnlélógójì ló ń gbà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo gbé e wọlé, aago mẹ́fà ìdájí Ọjọ́rú ló sì pé. Ẹ kíyè sí i pé iye wákàtí tó máa ń wà láàárín ìgbà tí LH bá tú jáde àti ìgbà tí ẹyin bá já sílẹ̀ nínú ẹlẹ́dẹ̀ gidi náà nìyẹn, ogójì sí mẹ́rìnlélógójì. Ti eku kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Lẹ́yìn wákàtí méjìlélógún, mo kó ẹyin inú gbogbo àwo lọ sínú omi tuntun tí kò ní FSH.

Nígbà tí mo wo àwo kìíní, ẹnu yà mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti mọ ohun tó yẹ kí n rí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó fún mọ́ra pinpin lọ́jọ́ Ajé ti tú ká. Wọ́n fẹ̀ kúrò lára ẹyin, wọ́n léfòó nínú hyaluronan tí wọ́n pèsè, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń dán, ààyè sì wà láàárín wọn. Bí mo ṣe fi pípẹ́ẹ̀tì fà á, gbogbo rẹ̀ yọ̀ tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan náà, kò já. Ohun tí ọ̀nà ilé ọmọ ń dì mú, tó sì ń tì lọ nínú ẹlẹ́dẹ̀ gidi nìyí, torí ẹyin ìhòòhò kò rọrùn láti dì mú.

Àwo kejì? Kúmúlọ́ọ̀sì ibẹ̀ dì mọ́ ẹyin bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. FSH wà níbẹ̀, EGF wà níbẹ̀, oúnjẹ wà, ooru wà. Risẹ́pítọ̀ kan péré ni mo dí.

Láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹyin gan-an, mo fi hyaluronidase, èròjà tó ń tú hyaluronan palẹ̀, bọ́ kúmúlọ́ọ̀sì tó kù, mo sì ń wá ẹyọ rogodo kékeré kan tó máa ń yọ sábẹ́ awọ ẹyin tó bá ti gbó. Ìdajì ogún tí ẹyin kó sọnù kó lè ṣẹ́ ku ìwọ̀n tí yóò pàdé ti akọ ni rogodo yìí. Ó pọ̀ nínú àwo kìíní. Nínú àwo kejì ó ṣọ̀wọ́n. Mo wá rẹ àwọn ẹyin náà sínú ọtí àti ásíìdì kíkan, mo sì fi aró orcein pa wọ́n láró kí n lè rí ibi tí kúrómósóòmù wọn, tó gbé ogún náà, dúró sí. Kúrómósóòmù ọ̀pọ̀ ẹyin àwo kejì ṣì wà nínú yàrá rẹ̀, àwọn ẹyin náà kò tíì jí.

Àwo kẹta ni èèyàn lè ṣì lóye. Àwọn kan jí níbẹ̀, ohun tí Pincus àti Enzmann wí gan-an ni: kò sẹ́ni tó ń dá wọn dúró mọ́. Àmọ́ jíjí yàtọ̀ sí gbígbó. Kúmúlọ́ọ̀sì ló ń ran ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ láti kó glutathione jọ, ohun tí yóò fi tú orí àtọ̀ palẹ̀ bí àtọ̀ bá wọlé. Ẹyin tó jí láìní in lè gba àtọ̀ wọlé, kó má sì mọ ohun tó máa fi ṣe.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, mo ní ohun tí mo lè fi hàn wọ́n lórí fóònù mi. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń rà ní oríṣi họ́mọ̀nù méjì nínú: eCG, láti ara ẹ̀jẹ̀ abo ẹṣin tó lóyún, tó ń wọ risẹ́pítọ̀ FSH, àti hCG, láti ara ìtọ̀ aboyún, tó ń wọ risẹ́pítọ̀ LH. FSH ló ń mú kí risẹ́pítọ̀ LH hù lára àwọn sẹ́ẹ̀lì fọ́líkù. Ẹlẹ́dẹ̀ tó kéré jù, tàbí tó rù, fọ́líkù rẹ̀ kò tíì tó èyí tó ń gba iṣẹ́ LH, owó abẹ́rẹ́ sì ṣòfò. Oúnjẹ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èèpo ẹ̀gẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa nítorí gàrí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń fún ẹlẹ́dẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Agbára wà nínú rẹ̀ tó bá gbẹ dáadáa, àmọ́ kò ní púrótíìnì tó tó. Mo ní kí wọ́n fi oúnjẹ gidi kún un fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà tí abo máa wá akọ. Ìnsúlíìnì tó ń gòkè nígbà náà ní risẹ́pítọ̀ tirẹ̀ nínú ilé ẹyin, iye ẹyin tó ń já sílẹ̀ sì máa ń pọ̀ sí i.

Bàbá kan ní ìtòsí Ìpẹru ní tòun yàtọ̀. "Ọmọ mi, àwọn tèmi ò tíì pé oṣù mẹ́rin, ojú ara wọn ti pọ́n, ó ti wú, bí ẹni pé wọ́n ń wá akọ." Mo ní kí Bàbá jẹ́ kí n rí àgbàdo tí wọ́n ń jẹ. Ó ti bu, àwọ̀ osùn wà lára rẹ̀. Irú olú tó ń hù lára àgbàdo báyìí a máa pèsè májèlé kan tó ń jẹ́ zearalenone. Kì í ṣe họ́mọ̀nù, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ bá risẹ́pítọ̀ estrogen, họ́mọ̀nù abo, mu, ara ẹlẹ́dẹ̀ sì ń gbà á ju ti ọ̀pọ̀ ẹran ọ̀sìn lọ. Bàbá fẹ́ sá a sóòrùn. Mo sọ fún wọn pé oòrùn tàbí iná ìdáná kì í pa á, àgbàdo náà kò gbọ́dọ̀ kan abo kankan mọ́. Wọ́n kó o dànù lójú mi. Wíwú náà ti lọ sílẹ̀ nígbà tí mo tún débẹ̀, a sì jọ fẹnu kò pé àwọn abo náà á kọjá ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá wá akọ, ìgbà kejì tàbí ìkẹta ni Bàbá máa tó mú akọ wọlé tì wọ́n.